Ìwo Kejì

Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń kí mi nínú yàrá yẹn, kí n tó kí bàbá tó nilé. Yàrá ìyàwó wọn ni tẹ́lẹ̀. Ìyá náà ti dolóògbé ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì. Àpótí aṣọ wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n orí tábìlì tí wọ́n ti ń ránṣọ ni bàbá gbé awò wọn kà, awò tí í sọ ohun tí ojú lásán kò lè rí di ńlá. Mo ti padà sílé wa ní Ẹdẹ nígbà náà, mò ń dúró kí wọ́n pè mí lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Bàbá, tí wọ́n ti fi iṣẹ́ wíwo òkúta lo púpọ̀ nínú ayé wọn ní ilé iṣẹ́ elépo kan létí òkun kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n sì tó kó wá sí àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ mú tó lè bá wọn yàwòrán. Mo ní ojú mi mú. Ta ló fẹ́ jókòó lásán?

Ohun abẹ̀mí tín-ín-tín kan wà tó ń gbé inú òkun. Bí ayé bá nira fún un, á wọ inú èèpo líle kan, á sùn síbẹ̀. Bí nǹkan bá rọ̀, á ṣí ilẹ̀kùn kékeré lára èèpo náà, á bá tirẹ̀ lọ. Èèpo òfìfo á rì sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á di òkúta, ọdún á gorí ọdún. Irú èèpo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí nínú òkúta tí wọ́n fà jáde láti inú kànga epo, òun ni bàbá tò sí àárín gíláàsì pẹlẹbẹ. Ẹ má wá a nínú òkúta Ẹdẹ o. Òkúta tiwa kò bá òkun tan.

Bàbá kọ́ mi bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. “Má jẹ́ kí títóbi rẹ̀ tàn ẹ́,” wọ́n á ní. “Ilẹ̀kùn ni kó o kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀kùn ló ń sọ agboolé tó ti wá. Ìwo ló ń sọ orúkọ tó ń jẹ́ nínú agboolé náà.” Èyí tí à ń yà ní ilẹ̀kùn onígun mẹ́fà lẹ́yìn, ìlà kan yí ìbàdí rẹ̀ ká bí ìgbànú, ìwo kan wà lókè, méjì nísàlẹ̀, ti òsì sì gùn ju ti ọ̀tún lọ. Àmọ́ àwọn kan wà tí kò ní ìwo ọ̀tún rárá. Bàbá ní ẹ̀yà tuntun nìyẹn, pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ lórúkọ rí. Orúkọ ìyàwó wọn ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́.

Èmi náà ti ń gbéra ga. Mo ti sọ fún gbogbo agboolé wa pé orúkọ mi ń bọ̀ nínú ìwé tí gbogbo ayé máa kà. Àbúrò bàbá mi tó ń dáko lọ́nà ìlú Awo bi mí bóyá nǹkan òkun yìí ṣeé jẹ. Mo wò wọ́n bí ẹni ń wo púrúǹtù, bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ tí èmi náà rò pé ìdọ̀tí ló wà lójú gíláàsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ya èyí tó dára jù nínú àwọn tí kò ní ìwo ọ̀tún yìí. Mo rọra ń yí awò náà wálẹ̀ kí n lè rí ikùn rẹ̀. Bí ẹ̀yìn èèpo náà ṣe ń pòórá, ohun kan yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ po bí etí aṣọ tí èèyàn jókòó lé. Ìwo ọ̀tún ni. Ó ká sábẹ́ ara rẹ̀. Mo nu awò, mo tún wò ó. Mo wo àwọn yòókù: ibi tó yẹ kí ìwo wà rí gbágungbàgun bí ẹnu ìgò tó fọ́. Kíkán ló kán. Kì í ṣe ẹ̀yà tuntun. Èyí tí gbogbo ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

N kò lè sọ ọ́ fún bàbá. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi.

“Ṣé ohun tó o rí dá ẹ lójú?” ni wọ́n bi mí.

“Ó dá mi lójú, Màámi.”

“Kúnlẹ̀ sọ ọ́ nígbà yẹn. Má sọ pé wọ́n ṣì í wò. Ní kí wọ́n bá ẹ wò ó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Màá ṣe àdúà sí i.”

Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi wo ibì kan.” Bàbá bẹ̀rẹ̀ sórí awò. Wọ́n yí i wálẹ̀, wọ́n yí i sókè, wọ́n tún yí i wálẹ̀. Wọ́n pe ìrun àsárì ní mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé, bàbá kò mira. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Máa lọ sílé.”

Ọjọ́ mélòó kan kọjá, wọn kò ránṣẹ́. Ọkàn mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀. Mo mọ ohun tí mo rí.

Ìgbà tí wọ́n pè mí padà, ojú wọn ti wọnú. “Ìyàwó mi kì í wọ aṣọ aláṣọ,” ni wọ́n sọ. “Èmi wá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ gba ilé onílé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Jókòó. Yà á tìwo-tìwo, méjèèjì.”

Ohun tí a kọ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé náà nìyẹn: pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kí ẹni tó bá rí èyí tí kò ní ìwo ọ̀tún yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Bí mo ṣe ń yàwòrán ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn fún mi, ohun tí wọn kò ṣe rí. Bí ìyá náà ṣe máa ń dá orin sílẹ̀ tí wọn kì í parí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ jà bí ẹni ń bá orogún jà. Bí ẹ̀rín ṣe máa ń gbé wọn títí wọ́n á fi di ògiri mú.

Bàbá náà ti lọ báyìí. Kò sí nǹkan kan nínú òkun tó ń jẹ́ orúkọ ìyá yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, mo lè ṣe é fún un, èmi tí n kò fojú kàn wọ́n rí.