Pèrègún Tí A Gbìn Sílé Onílé

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Òkè-Ìlèwó, ohun tí mo máa ń fẹ́ kò ju kí n bọ́ bàtà mi, kí n jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lọ sílé ìwé kò mọ̀ pé ó ń rẹ ìyá òun. Ní sáà yẹn, olùkọ́ ọmọbìnrin mi àgbà ní kí òbí kọ́ ọmọ nípa Ìpínlẹ̀ Ògùn nílé: àwọn odò rẹ̀, àwọn ẹ̀yà tó ń gbé inú rẹ̀, oúnjẹ wọn, àṣà wọn, àti àwọn ìpínlẹ̀ tó bá a pààlà. Mo ní nínú ara mi pé kí ni olùkọ́ wá ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lókèèrè, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé, nítorí náà èmi nìkan ni òbí tó wà nítòsí.

Àárẹ̀ ni mo fi ń kọ́ wọn. Èmi á máa ro làfún nílé ìdáná, àwọn á wà nídìí tábìlì, èmi á máa ké sí wọn pé kí ló wà ní gúúsù wa? Èkó. Àríwá ńkọ́? Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Ìlà oòrùn? Oǹdó. Àbúrò rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fún níṣẹ́ kankan ṣe, ló máa ń pariwo jù. Wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka àdúrà tí kò yé e, èmi náà ò sì lágbára láti mú kó yé wọn.

Nígbà tí a dé orí ẹ̀yà, mo ka Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ, Yewa, Àwórì, Ẹ̀gùn. Àbúrò bi mí pé èwo ni tiwa. Mo ní Ẹ̀gbá ni wá. Ó ní rárá, ará Adìgbẹ ni wá.

Bàbá mi, tó jókòó sídìí fèrèsé, wúkọ́. Àgbẹ̀ ni láti kékeré. Abúlé wa lẹ́yìn ìlú ló ti lo ayé rẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì tí mo fi lọ mú un wá sọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà tó ti dé, kò dá sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rí. Lọ́jọ́ yẹn ó dá sí i.

"Adìgbẹ kọ́ ni ẹ ti wá," ó ní. "Ibi tí ìyá yín ti ń sanwó ilé nìyẹn."

Mo mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Wọ́n ti ń ta ilẹ̀ onílẹ̀ lápá abúlé wa, ẹni tí kò bá sì ní ọmọ tó mọ ààlà, ilẹ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti rìn jìnnà, wọn kì í sì í béèrè. Èmi gan-an, ìdí ẹrù ọjà ìyá mi ni mo dàgbà sí, mi ò mọ ju ẹnu ọ̀nà oko lọ. Bàbá ò fẹ́ kú kí ó tó rí ẹni tí yóò fi oko rẹ̀ hàn, ẹ̀rù yìí kì í sì í jẹ́ kó sùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, à á máa gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ kọ́-kọ́-kọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ní kí n kó àwọn ọmọ lọ wò ó. Mo máa ń dáhùn pé ó di Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ Sátidé: aṣọ fífọ̀, ata lílọ̀, ìsìnkú tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ má dé ibẹ̀.

Bí Bàbá ṣe gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ó sọ fún wọn pé ààlà ìpínlẹ̀, inú ìwé ló wà, ṣùgbọ́n ààlà oko, pèrègún ni. Iná á jó igbó kọjá, pèrègún á tún rúwé. Àwọn baba tó gbìn ín á ti kú, òun á ṣì dúró. Ibi tí ẹ bá ti rí i, ibẹ̀ ni ti ẹnì kan parí sí tí ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í hú u. Ó wá ka tiwa fún wọn: ọ̀nà ní iwájú, odò kékeré ní ẹ̀yìn, oko àwọn alábàágbé wa ní ọ̀tún àti òsì, pèrègún ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí ju ti Ọ̀yọ́ àti Oǹdó lọ. Alaalẹ́ ni wọ́n ń kà á fún un. Inú mi dùn, kí n má purọ́, nítorí mo ń ráyè fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣe nǹkan. Aládùúgbò wa kan gbin pèrègún síwájú ilé rẹ̀ bí òdòdó. Àwọn ọmọ tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbìn ín sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọgbà ilé tí a háyà, wọ́n sì ń bomi rin ín. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wọlé, ilẹ̀ ẹsẹ̀ mi nìkan ni mo sì máa ń wò. Bàbá tó wà nílé pẹ̀lú wọn kò ríran dé ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fura, pèrègún ti gbilẹ̀, ó ti yọ ewé.

Onílé wa ló rí i. Alájì ni, ọmọ ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ ní Ìtòkú, àdìrẹ ló ń tà. Ó yà wá wo ilé lẹ́yìn Jímọ̀, nígbà tí mo sì dé, orí ìdúró ni mo bá a, níwájú igun tó sún mọ́ kànga. Kò pariwo. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè àlàáfíà Bàbá. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ tọ́ka.

"Màmá àwọn ọmọ, ta ló gbin ààlà sínú ilé mi?"

 Àlejò tó bá ti ibòmíì wá, òdòdó ni ì bá pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá ni Alájì, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni mí. Ayálégbé tó gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé onílé, kí ló tún fẹ́ sọ? Mo kúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni mo ń rò ó pé bó bá lé wa, ibo ni mo fẹ́ gbé bàbá tí kò ríran gbà.

Ọmọ mi àgbà jáde sí wa. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ọgbẹ́, pẹ̀lú ìwúrí ló jáde. Ó ní àwọn làwọn gbìn ín, Bàbá ló kọ́ àwọn. Bàbá náà ti ń táràrà bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ti ṣí fìlà. Ó ní kí Alájì má bínú, oko tòun lòun ń kọ́ wọn, òun ò mọ̀ pé ilé onílé ni wọ́n fi ń dánra wò.

Alájì wo ọmọ náà títí. Ó ní kí ó ka ààlà oko bàbá rẹ̀ àgbà fún òun. Ọmọ kà á: ọ̀nà, odò, ọ̀tún, òsì, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì fo ìkankan.  Alájì kọjú sí Bàbá.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n hú u, ẹ̀gbọ́n. N kò bínú. Òkè òkun làwọn ọmọ tèmi wà. Bí mo bá kú lónìí, tí ẹnì kan dúró síbí pé òun ló gbin pèrègún yìí, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn nínú wọn. Wọn ò mọ ibi tí ilé mi parí sí."

 Ọwọ́ Alájì ni Bàbá wá, ó dì í mú. Àwa yòókù hú pèrègún náà jẹ́jẹ́, Alájì fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a má jù ú nù, kí a lọ gbìn ín síbi tó tọ́ sí i. A rẹ ẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ kejì, Sátidé, mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, mo kó gbogbo wọn, a wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé. Bàbá ò lè wọ inú oko. Koríko ti ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e mọ́. A fi í sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní bí a bá ti dé igun kan, kí á pe òun.

Ní igun àkọ́kọ́, a bá pèrègún àtijọ́, a gbin tiwa tì í. Ẹ̀gbọ́n pariwo pé àwọn ti dé, Bàbá dáhùn pé òun gbọ́, kí a yà sí ọ̀tún. Ní èkejì, lẹ́bàá odò, ẹnì kan ti hú ti àtijọ́ dànù, ihò rẹ̀ nìkan la rí. A gbin òmíràn síbẹ̀. A pè é, ó dáhùn. Ní ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Òógùn bò mí, itakùn ń fà mí láṣọ. Ní igun kẹrin, ẹ̀gbọ́n pe Bàbá, kò dáhùn. Ó tún pè. Àwọn méjèèjì jọ pè é.

Mi ò mọ bí mo ṣe sáré já inú koríko yẹn. Tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù ni mo dé abẹ́ máńgòrò.

Bàbá ń hanrun. Ó ti fi fìlà bojú, ọ̀pá rẹ̀ ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì sùn fọnfọn bí n kò ṣe rí i kó sùn rí láti ọjọ́ tó ti dé Adìgbẹ. Àbúrò fẹ́ jí i, kó lè sọ fún un pé igun kẹrin ti tán. Mo dá a dúró. Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó tì í, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí ní nǹkan kan.