Ambrose, Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó Tí Wọ́n Ní Ó Wà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ó lé ní ọdún méjì tí Ambrose Ọláìtán fi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni kò fìgbà kan kó kúrò ní Múṣin. Ilé kan náà la jọ ń gbé. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ariwo rédíò tó ń tún ṣe ló sì ń jí èmi àti Mùktárù ọmọ mi láràárọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àgbọ́sọ ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú, n kò sì ní í díbọ́n.

Ìyá rẹ̀, Màmá Ọláìtán, ló rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yẹn. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ilé wọn wà ní Sùúrùlérè. Ọmọ méjì péré ni Màmá bí: Ambrose ni àgbà, Fúnlọ́lá tó ń ṣe tíṣà ní Yábàá ni àbúrò. Akọ̀wé ni Ambrose tẹ́lẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìjọra. Lọ́dún 1971, kò rí oorun sùn mọ́. Ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ wàràwàrà. Ó ní òun máa fi afárá so Ìjọra mọ́ Gánà, ó sì ní kí àwọn alábàárù bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn jọ. Lọ́jọ́ Àìkú, bí àlùfáà ṣe ń wàásù lọ́wọ́, ó lọ jókòó sídìí dùùrù, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo ariwo yẹn pòórá. Ó kọjú sí ògiri, kò jẹun, kò wẹ̀, ó ní òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn dókítà ní àìsàn kan ṣoṣo ni, ojú méjì ló ní: bó ṣe ń gbé ènìyàn sókè náà ló ń là á mọ́lẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa wá kí àwọn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ara rẹ̀ sì yá. Nígbà tó kó wá sílé wa, ká ní òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ fún mi ni, n kì bá tí mọ̀ láéláé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń fi rédíò títún ṣe jẹun ni. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó yáa fẹ́ ìyàwó kí rédíò tó bímọ fún un.

Lọ́dún 1974, Mobọ́lájí Ìbíkúnlé ní òun fẹ́ fi Fúnlọ́lá ṣaya. Ẹ̀yin náà mọ bá a ti ń ṣe é. Kí ìdílé kan tó bá ìdílé kejì dána, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, ṣé kò sí olè, ṣé kò sí wèrè. Màmá Ọláìtán gbọ́ pé àwọn Ìbíkúnlé ti ń bèèrè kiri, ló bá sáré wá sí Múṣin. Ìṣojú mi ló ti kúnlẹ̀.

“Ambrose, ọmọ mi, torí àbúrò ẹ ni o. Màá sọ fún wọn pé o ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, o ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé orí ẹ dàrú rí, ó parí nìyẹn. Ta ló máa fẹ́ ẹ?”

“Màmá, ara mi ti yá.”

“Mo mọ̀ pé ara ẹ ti yá. Ṣé àwọn náà máa gbà?”

Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ! Ṣé èèwọ̀ kọ́ nìyẹn ni? Ambrose gbé ìyá rẹ̀ dìde, ó ní òun gbà. Bí Màmá ṣe jáde, mo kọjú ìjà sí i.

“Ìwọ Ambrose, ṣé ó ń ṣe ẹ́ ni? O ò jalè, o ò pààyàn, o wá ń sá pamọ́?”

“Ìyá Mùktárù, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí mo kọjú sógiri, Fúnlọ́lá ló ń fi síbí fún mi lóúnjẹ. Èmi kọ́ ni mo máa dí i lọ́nà.”

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó sì lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín àwọn rédíò.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Fúnlọ́lá tó máa ń wá kí i kò wá mọ́, kí ọkọ má baà bèèrè ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ kan ní Ojúẹlẹ́gba, Ambrose ṣàdéédéé rí tọkọtaya náà tí wọ́n ń bọ̀. Ó kó sẹ́yìn ìsọ̀ ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì. Fúnlọ́lá rí i, wọ́n ṣe ojú mẹ́rin, obìnrin náà sì bá ọkọ rẹ̀ kọjá lọ. Ambrose ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ó gbé oúnjẹ tì lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún 1976, Fúnlọ́lá bí ọmọbìnrin. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tí ìyá ọmọ náà kọjú sí ògiri. Kò fẹ́ jẹun, kò fẹ́ fún ọmọ lọ́yàn, ó ní kí wọ́n gbé e fún ìyá tó dáa ju òun lọ. Mobọ́lájí gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní í dárúkọ. Dókítà Ọláṣùpọ̀ ló rí i níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà sì dúró tì í. Ó bi Màmá Ọláìtán ní ìbéèrè tó yẹ kó bi í pé:

“Màmá, ṣé ẹnì kankan nínú ẹbí yín ti ṣe irú àìsàn báyìí rí?”

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti bi í! Mobọ́lájí jókòó níbẹ̀, ìyá Mobọ́lájí náà jókòó níbẹ̀.

“Àgbẹdọ̀!” ni Màmá fi dáhùn. “Ká má rí i o. Kò sí irú ẹ̀ nínú ìran wa.”

Dókítà gbà á gbọ́. Ó fún Fúnlọ́lá ní oògùn tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí ìbànújẹ́ bá wó mọ́lẹ̀ dìde. Oògùn náà gbé e dìde lóòótọ́, kò kàn mọ ibi tó yẹ kó gbé e dé ni. Kò pẹ́ tí Fúnlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, tó ń kọrin, tí kò sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ọmọ jáde nílé. Jíbówú ni wọ́n ti rí i, ní gáréèjì, ó ń pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn èrò ọkọ̀. Ọmọ wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, ohùn rẹ̀ ti há. Ọpẹ́lọpẹ́ èrò tó gbé e kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n dá Fúnlọ́lá padà sí ilé ìwòsàn, tí ìyá Mobọ́lájí sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú.

Màmá Ọláìtán fi ẹkún wọlé wa ní Múṣin. Ambrose jẹ́ kó rò ó tán.

“Màmá, ṣé ẹ sọ̀rọ̀ mi fún dókítà?”

Ẹkún Màmá tún le sí i. Ambrose ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kó oògùn rẹ̀ sápò, ó ní kí n sin òun lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tá a débẹ̀, Mobọ́lájí ló kọ́kọ́ dìde sí wa. Ambrose kí i.

“Èmi ni Ambrose, ẹ̀gbọ́n Fúnlọ́lá.”

“Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù? Ìgbà wo lẹ dé, sà?”

“Mi ò lọ rárá. Múṣin ni mo wà. Àìsàn tó ń ṣe ìyàwó yín yìí, òun ló ṣe èmi náà.”

Ó wọlé tọ dókítà, ó kó oògùn rẹ̀ lé tábìlì, ó sì ro ohun gbogbo láti orí afárá Gánà dé orí ògiri. Dókítà Ọláṣùpọ̀ fọwọ́ lérí. Ó yí sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

“Ẹ wò ó, àṣìṣe mi rèé o. Ojú kan péré ni mo rí, mo wá tọ́jú ojú kan péré. Obìnrin tó bímọ tó sì kọjú sógiri, ẹ bèèrè bóyá òun tàbí ẹbí ẹ̀ ti ṣe bí ẹni tó fẹ́ fò rí, kẹ́ ẹ tó fún un ní oògùn tó ń gbéni dìde. Ẹ má sì ṣe bí mo ti ṣe. Èmi ń bi ìyá ìyàwó léèrè ọ̀rọ̀ orí dídàrú níwájú àna ẹ̀! Kí ni mo fẹ́ kó sọ? Ẹ kọ́kọ́ ní káwọn àna bọ́ síta ná.”

Wọ́n dá oògùn ti àkọ́kọ́ dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní èyí tí Ambrose ń lò. Ara Fúnlọ́lá rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, Màmá Ọláìtán wólẹ̀ níwájú Mobọ́lájí, ó ní ẹ̀rù ló ba òun, kó má kọ ọmọ òun sílẹ̀. Mobọ́lájí gbé e dìde, omi ń bọ́ lójú òun náà.

“Màmá, ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Bàbá mi tá a ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa, òun náà máa ń kọjú sógiri. Ìyá mi ló ní ká má sọ ọ́, kẹ́ ẹ má baà sọ pé ẹ ò fún wa lọ́mọ mọ́. Ká ní ẹ ti sọ tiyín ni, àwa náà ì bá ti sọ tiwa.”

Ìdílé méjì tó mọ èdè àìsàn kan náà jókòó ti ara wọn, wọ́n ń parọ́ fún ara wọn, ọmọ tuntun ló sì jìyà rẹ̀. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó gbẹ̀yìn eléyìí lóòótọ́.

Ọmọ náà ti ń rìn kí wọ́n tó gbé e padà wá sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ambrose àti èmi lọ kí wọn. Fúnlọ́lá ti sanra, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, ó lo oògùn rẹ̀ níwájú wa láìfi bò. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ ké, ó sá lọ di ìró ìyá bàbá rẹ̀ mú, ó ń pe ìyẹn ní màmá. Fúnlọ́lá ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ gbà kí wọ́n ní ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù?”

“Torí tìẹ ni.”

“Ẹ ò bi mí. Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ kọ̀.”

Ambrose wo ọmọ tó ń sunkún, ó wo ìyá ọmọ, òun náà sì bú sẹ́kún.