Wáìnì Ọlọ́dún Mẹ́jọ Nílé Adẹ́mu

Mo rántí ìgbà tí mo ń ká èso àjàrà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, tí ẹ̀yìn ń ro mí bí ẹni tó kọ ebè látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ni mí nígbà náà. Wọ́n rán wa lọ lo ọdún kan lọ́hùn-ún kí èdè náà lè yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu, nígbà tí ìsinmi sì dé, mo gba iṣẹ́ ìkórè lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tó ń ṣe wáìnì. Òkúta kún oko rẹ̀ débi pé àfi bíi pé Ọ̀kà, ìlú olókè àpáta nítòsí Ìkàrẹ́, ni mo wà. Oríṣi wáìnì mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: funfun, pupa, àti ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ìṣápá tí wọ́n bomi là. Méjì nínú wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó mu wọ́n. Pupa ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú àgbá onígi lábẹ́ ilẹ̀ tó tutù, kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò, kí wọ́n sì tún fi í sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, arúgbó náà fún mi ní ìgò pupa kan tó ti pé ọdún mẹ́jọ. Ó ní ọjọ́ tí nǹkan ńlá bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí mi ni kí n ṣí i.

Mo dé, mo di tíṣà nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkàrẹ́. Kò tí ì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nígbà náà, èmi náà sì ń rìn bíi kọmíṣọ́nnà. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Èmi dé oko ẹlòmíràn tán, mo wá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú oko baba mi.

Ọmọge télọ̀ kan wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa, ọmọ Ọ̀kà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, òun náà sì fẹ́ mi. Nígbà tó tó àkókò tí mo máa lọ kí bàbá rẹ̀, ó bẹ̀ mí.

"Tíṣà, ẹ mú àgbà kan dání o. Bàbá mi kì í ṣe ọmọ kíláàsì yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ fi àgbà ṣe, èmi tí mo gbọ́ èdè mẹ́ta?

Adẹ́mu ni bàbá náà. Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò mi kalẹ̀. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìgbà wo ni wọ́n dá a?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́jọ, bàbá," mo fi yangàn.

"Ọdún mẹ́jọ kẹ̀?"

Mo rò pé ó yà á lẹ́nu ni, mo bá tún ròyìn àgbá àti yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹmu tí mo dá lánàá, n kì í gbé e fún àlejò lónìí. Ìwọ wá gbé ti ọdún mẹ́jọ wá tọrọ ọmọ." Ó ti ìgò náà padà síwájú mi. "Gbé e lọ. Láàárọ̀ Sátidé, wá bá mi nídìí ọ̀pẹ."

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Èmi tó ti Faransé dé, kí n wá lọ lóṣòó sídìí ọ̀pẹ láàárọ̀ kùtù kí adẹ́mu kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ wáìnì? N kò lọ. Nígbà tí télọ̀ mi wá bá mi lẹ́nu géètì, mo ní ìwé ìdánwò ni mo ń máàkì. Ó wò mí títí, ó ní, "Ó dáa, Tíṣà," ó sì lọ. Lọ́dún kejì, ó fẹ́ àgbẹ̀ kan ní Epinmi. Èmi nìkan jókòó sí yàrá mi ní Ìkàrẹ́, mo mu wáìnì náà tán. Ó dùn. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún.

Èmi náà fẹ́yàwó nígbà tó yá, a bímọ, ayé mi ò bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo pàdé télọ̀ náà ní gáréèjì Ìkàrẹ́, ewú ti gba orí àwa méjèèjì. Mo béèrè bàbá rẹ̀, ó ní wọ́n ti kú tipẹ́.

"Sátidé yẹn," ó ní, "ẹmu tí Bàbá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé e sọ́tọ̀. Wọ́n ní ti àna àwọn ni. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, títí ẹmu náà fi kan."

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé dìde dúró, kò lè rí i. Ká ní mo mú àgbà kan dání ni, ìbá ti sọ fún mi pé adẹ́mu kì í pe ẹni tó fẹ́ lé dànù wá sídìí ọ̀pẹ rẹ̀. Mọ́tò Epinmi ti fẹ́ kún, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì wọlé.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ròyìn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi bí wọ́n ṣe lé mi nílé àna ní Ọ̀kà, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. N kò ròyìn rẹ̀ mọ́.