Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì Kò Lọ

Ìyá mi ló tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Bí mo bá ti gbóòórùn omi tí wọ́n wọ́n sórí yanrìn gbígbóná, ọkàn mi máa ń padà sí àgbàlá wa ní àdúgbò Kalley, lọ́sàn-án Sátidé kan.

Wọ́n ti gbé tẹlifísọ̀n síta. Bàbá àgbà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, jókòó lórí ẹní pẹ̀lú ife tíì, bàbá mi sì ń ròyìn eré fún un. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú Òyìnbó ni wọ́n fẹ́ràn, pàápàá agbábọ́ọ̀lù kan tí Bàbá àgbà ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-òsì. Ẹgbẹ́ náà ti tà á fún ẹgbẹ́ mìíràn kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ò sọ, nítorí ẹni yẹn nìkan ló ṣì ń pa bàbá rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ẹni tí wọ́n rà rọ́pò rẹ̀ fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n.

"Ẹlẹ́sẹ̀-òsì mà tún ni o," ni bàbá mi wí.

Bàbá àgbà kọjú sí mi. "Àlàó, ìwọ lojú ẹ ń ríran. Ṣé òun ni?"

Bàbá mi wò mí.

"Òun ni, Bàbá. Ẹsẹ̀ òsì náà ló fi gbá a."

Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sórí ẹní. "Ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́."

Lẹ́yìn ikú Bàbá àgbà ni ìyá mi sọ fún mi pé Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ti gbọ́ lórí rédíò Haúsá, kí eré àkọ́kọ́ sáà náà tó bẹ̀rẹ̀, pé Ẹlẹ́sẹ̀-òsì ti lọ.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, nínú àwa mẹ́ta, ta ló ń ṣìkẹ́ ta?