Ìkòkò Tó Bọ̀ Mí Lọ́wọ́

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa ní Ìjàyè ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òrùlé ń jò, wọ́n kó o wá sí kíláàsì mi. Lọ́dún tó kọjá, ìlú kọ́lé fún un.

Lọ́jọ́ tí à ń kó ẹrù, wọ́n gbé ìkòkò kan fún mi tí àgbẹ̀ hú lóko, ìkòkò tó ti wà kí ogun tó tú ìlú. Bí mo ṣe gbá a mú, àtàǹpàkò mi bọ́ sínú àmì àtàǹpàkò kan tó ti gbẹ mọ́ ọn lára. Orí mi wú.

"Tíṣà, ṣé ó wúwo ni?" bàbá tó ń tọ́jú ẹrù náà bi mí.

"Rárá, sà. Ẹni tó mọ ìkòkò yìí ló bọ̀ mí lọ́wọ́."

Wọ́n fi àtàǹpàkò tiwọn kàn án, wọ́n sì ṣí fìlà.