Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo ṣe ní Orẹ́gùn

Lọ́yà tó gbà mí sílẹ̀ nígbà kan pè mí lórí fóònù lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n wá síbi ìpàdé kan ní Ìkẹjà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oyè agbẹjọ́rò àgbà dá a lọ́lá ni, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé fídíò àti ọ̀rọ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì fẹ́ ṣe ẹ̀yẹ fún un, torí pé ó ti gba púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá tí òótọ́ ọ̀rọ̀ ta lára.

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ gbà, ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Bí ẹ ò bá wá, kò pé."

Mo ní màá wá. Nígbà tí fóònù dákẹ́, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ojú ń tì mí bí ìgbà tí èèyàn bá bá mi níhòòhò. Inú mi dùn sí oyè rẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn á ní kí n sọ̀rọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí, mi ò sì ní sọ ohun tí ilé iṣẹ́ wa nígbà náà ń ṣe. Àwọn tó ni ín wà láyé, èmi náà sì ṣì fẹ́ wà.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹnu àwọn èèyàn ti ń là, ṣùgbọ́n ara ò tíì gbàgbọ́. Bí ọkọ̀ sójà bá kọjá ládùúgbò wa ní Ìfàkò, ẹni tó ń bú ìjọba á kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Orẹ́gùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ kan tó jẹ́ pé tí a bá ti wọlé tán, wọn á fi àgádágodo ti ìlẹ̀kùn ńlá láti ìta. Wọ́n ní a máa ń jí ọjà gbé jáde. Iná sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Mo gba ojú ihò tí fáànù wà tẹ́lẹ̀ jáde. Irin gé mi lọ́wọ́ ọ̀tún, iná sì jó ọwọ́ náà mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń dúró nídìí ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tó ń pè mí pé kí n yára. Kò jáde.

Ilé iṣẹ́ kéde pé ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, pé ìpayà ló pa àwọn tó kú.

Nígbà tí ọwọ́ mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí kaféè íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn láti lo kọ̀ǹpútà. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, mi ò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ewé kan tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti máa ń jiyàn ọ̀rọ̀ ilé. Mo fi ọwọ́ òsì tẹ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo padà lọ, àwọn èèyàn ti dáhùn. Wọ́n ń béèrè pé ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní ṣé ihò náà ga. Mo dá wọn lóhùn, wọ́n tún béèrè òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń retí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lónìí wọ́n ní orúkọ fún irú wa, kọ́ńtẹ́ǹtì kírétọ̀. Nígbà náà, obìnrin oníkaféè kàn máa ń pè mí ní "oníròyìn ọlọ́wọ́ kan" ni, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Orúkọ tí bàbá mi sọ mí gan-an ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè lo òmíràn.

Ọlọ́pàá wá mú mi nílé. Wọ́n ní mo tẹ irọ́ jáde láti fi da ìlú rú. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní àgọ́ wọn. Bàbá ìjọ wa, ìjọ Aládùúrà ni wá, ló dúró fún mi kí wọ́n tó gba béèlì mi. Ẹjọ́ wá dé iwájú májísíréètì, ilé ẹjọ́ sì sún un sí ọjọ́ mìíràn.

Kí ọjọ́ yẹn tó pé ni àbúrò bàbá mi ti Èkìtì dé. Òun àti Bàbá ìjọ fẹnu kò pé ká lọ bẹ ilé iṣẹ́ náà.

"Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀?" mo bi wọ́n. "Ṣé èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn ni?"

"Ta ló ní o jẹ̀bi?" ni àbúrò bàbá mi dáhùn. "Ẹ̀bẹ̀ là ń lọ bẹ̀. A ò ní o jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú."

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí nílé wa mọ ohun tó ń wí. Ẹni tó kéré ní í bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi. Èèyàn á dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tó ṣẹ̀ ẹ́, kí inú àgbà náà lè rọ̀, kí ó lè rí ọ̀nà tún ọ̀rọ̀ ṣe láìsí ìtìjú. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó rò ó pé a ń ṣe àṣìṣe.

Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbà wá lálejò, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo na ọwọ́ tí wọ́n dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n má bínú. Àbúrò bàbá mi ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ẹkún wá gbọ̀n mí, mi ò mọ ibi tó ti wá, mo ní mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́ láéláé. Ọ̀gá náà jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó ní kí n dìde. Ó ní kí wọ́n gbé mínírà wá fún wa. Nígbà tí a ń jáde, Bàbá ìjọ ń kọrin ọpẹ́ lábẹ́nu.

Lọ́yà mi, tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ò tíì pẹ́ tí ó di lọ́yà. Gáùn rẹ̀ ṣì le gbandi lọ́rùn, ó ń tún un tò bí ẹni tí ọrùn ń yún. Ọ̀gá rẹ̀ ló ju ẹjọ́ mi sí i nítorí kò sówó nínú rẹ̀, òun sì ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ó máa dá ṣe. Mo fi ìdùnnú sọ fún un níta kóòtù pé a ti lọ parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ lọ ṣe kí ni?"

Mo tún un sọ. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà níta, ó fi fáìlì bojú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí nígbà tó yá, "nílé, ẹ̀bẹ̀ ni. Nínú kóòtù yìí, ìjẹ́wọ́ ni."

Bó ṣe wí náà ló rí. Ọ̀gá tó fún wa ní mínírà bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó ní mo wá sí ọ́fíìsì òun fúnra mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo sunkún, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Ó ní bí ohun tí mo kọ bá jẹ́ òótọ́, kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Májísíréètì náà kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ó wo ojú mi láti orí àga rẹ̀, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Lọ́yà mi dìde. Ó kọjú sí ọ̀gá tó wà nínú àpótí.

"Ọ̀gá, ẹ ti gbéyàwó?"

"Mo ti gbéyàwó."

"Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna yín?"

"Ta ni kì í dọ̀bálẹ̀?"

"Ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa? Àyà kan ilẹ̀?"

"Àyà kan ilẹ̀ o."

"Kí lẹ jí nílé wọn?"

Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ọmọ wọn ló jí!" ẹ̀rín sì tún le sí i, títí akọ̀wé kóòtù fi gbá tábìlì. Ọ̀gá náà gan-an rẹ́rìn-ín. Májísíréètì bi ògbufọ̀ léèrè ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ògbufọ̀ sọ fún un, òun ò rẹ́rìn-ín. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó ń rojọ́ tako mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ó dìde, ó rọra fa bẹ́líìtì rẹ̀ sókè. Ó ní, "Àna ń dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n lè fún un níyàwó. Kí ni eléyìí ń wá kí wọ́n fún òun?"

Ẹ̀rín parí. Lọ́yà mi yíjú sí mi. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé tó bá dé ibẹ̀, èmi ni màá dáhùn, pé kí n má fi nǹkan kan pamọ́, nítorí bí mo bá fi í pamọ́ àwọn ni yóò hú u síta.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi tí iná pa wà nínú kóòtù. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Mo rí i bí mo ṣe ń gun àpótí, ó wé gèlè dúdú, ó di báàgì rẹ̀ mú sáyà.

Ọlọ́pàá ní kí n sọ ohun tí mo wí nígbà tí mo wà nílẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó ní ṣé mo sunkún. Mo ní mo sunkún. Ó ní ṣé mo ní mi ò ní kọ ọ́ mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ìdáhùn ni ògbufọ̀ ń fi ohùn rara pè lédè òyìnbó, bí ẹni ń kéde ọjà.

"Kí lo wá ń wá lọ́dọ̀ wọn?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n máa sùn nílé mi."

Májísíréètì wá bi mí fúnra rẹ̀. "Ohun tí o kọ, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Kí ló dé tí o fi ń bẹ̀bẹ̀ lórí òótọ́?"

Mo wo lọ́yà mi. Mo wo Bàbá ìjọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ńlá wà tó yẹ kí ọkùnrin sọ nírú ibẹ̀, mo sì wá wọn títí, mi ò rí ọ̀kan.

"Ẹ̀rù ló bà mí," mo wí.

Mo gbọ́ bí bírò májísíréètì ṣe ń ha ìwé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà mí. Nígbà tí ìdájọ́ dé, májísíréètì ní ẹni tí ẹ̀rù bà kò jẹ́wọ́ pé òun purọ́, pé nílùú tí wọn kò fẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀, ó ti mọ́ èèyàn lára láti máa bẹ̀rù, àti pé ọlọ́pàá ò mú ẹnikẹ́ni wá tó fojú rí i pé ìlẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀. Ó ní kí n máa lọ. Lọ́yà mi sáré jáde, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Mo borí," ó ń wí fún ara rẹ̀. "Mo borí, mo borí."

Ìyá ọ̀rẹ́ mi dúró dè mí lẹ́nu géètì. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó di èjìká mi mú.

"Dìde jàre. Kápẹ́ẹ̀tì wọn ò tó ọ ni?" Ó wò mí pẹ́. "Ọmọ tèmi náà ì bá dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ká ní ó ráyè jáde."

Ó kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì Agége. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ó tù mí nínú ni tàbí ó bú mi.

Láti ìgbà náà ni lọ́yà mi ti ń gòkè. Ó kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀, ó gba akọ̀ròyìn kan sílẹ̀, ó gba ọmọbìnrin kan tó fi gómìnà ṣẹ̀fẹ̀, ó dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń pè mí láti sọ fún mi. Ó rò pé ọwọ́ mi tí kò san dáadáa ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé mọ́, mo sì jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ilé ẹjọ́ tú mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni ò bi mí mọ́, òun ni mo ń pa mọ́. Ẹsẹ̀ mi ò tún tẹ kaféè Ọgbà yẹn mọ́. Ọ̀nà mìíràn ni mo máa ń gbà lọ sọ́jà.

Nínú gbọ̀ngàn Ìkẹjà, lọ́yà mi sọ ìtàn mi, ó sọ ti àna àti ìyàwó, àwọn ọ̀dọ́ náà sì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó dé ibi "ẹ̀rù ló bà mí", wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mo ń wò. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mo ní ẹ ṣé, mo jókòó.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí, tó máa ń ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí fóònù, fẹnu sí mi létí. "Dádì, orúkọ wo lẹ ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Mo fẹ́ fọ́lò yín."

"Mi ò ní."

"Ha! Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ẹ mú fóònù yín wá, ó yá."

Kí n tó mọ ohun tí mo máa wí, ó ti ṣí ojú ewé tèmi fún mi. Ó ní orúkọ wo ni kí òun kọ. Mo nawọ́ gba fóònù mi padà, ṣùgbọ́n ó ti fi "Dádì Orẹ́gùn" síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí ni kí òun kọ́kọ́ gbé síbẹ̀. Lọ́yà mi ti dé ẹ̀yìn wa nígbà yẹn, ó ti gbọ́. Ó wo ọwọ́ mi tó di fóònù mú ṣinṣin, ó wo ojú mi, mo sì rí i pé ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé mọ́.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn," ó wí fún ọmọbìnrin náà.

Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀, lófìfo. Mo máa ń ṣí i nígbà mìíràn nínú bọ́ọ̀sì, màá tún pa á dé kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé mi yàtọ̀ sí ọmọbìnrin náà, lọ́yà mi ni.