Ìka Mẹ́rin Lẹ́nu Ìbọn

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni mo fẹ́ sọ yìí o. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí eyín méjì tó kù lẹ́nu mi já bọ́ sínú ẹ̀kọ òwúrọ̀ mi.

Àkànjí ará Ifako kì í ṣe ọdẹ. Fóònù ló ń tún ṣe ní Computer Village, títí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fi lé e kúrò nídìí tábìlì. Bàbá rẹ̀ ni ọdẹ. Ọgbà màlúù kan ní Oko Ọba ni bàbá náà ń ṣọ́, tòun ti ìbọn ṣakabùlà kan tó gùn ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọdẹ ọgbà sọ fún Àkànjí pé ìbọn àti ipò jọ ń rìn ni. Bó bá yìn ín níṣojú wọn, tí ọta ba kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n gbé ka orí òkìtì ìwo màlúù, ó ti gba méjèèjì. Bó bá tàsé, Adégbénró ló kàn.

Adégbénró yìí, igbákejì bàbá rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ló ti ń wo ìbọn náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja lórí àrò.

Ohun kan ṣoṣo ni Àkànjí mọ̀ nípa ìbọn kíkì, nítorí bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. "Ọwọ́ ẹ rọ̀ jù," ni bàbá máa ń wí, "ọwọ́ tó ń họ imú fóònù." Àmọ́ bó bá ti da ẹ̀tù àti ọta sí i, tó fi ọ̀pá tì í títí tó fi jókòó, á gbé ìka lé ibi tí ọ̀pá ti yọ lókè ẹnu ìbọn, á ní, "Ìka mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé." Ohun tó yọ lókè ló ń sọ bí ti ìsàlẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Lọ́jọ́ ọ̀hún, Àkànjí fi ìwo àgbò tí bàbá rẹ̀ fi ń wọn ẹ̀tù wọ̀n ọ́n. Ó kì í. Ó gbé ìka lé ọ̀pá: márùn-ún. Ó tún gbé e: márùn-ún ṣì ni. Òógùn bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìka mẹ́rin ni bàbá mi máa ń sọ, àbí?"

Adégbénró jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Ìka mẹ́rin ni, ọmọ mi. Bàbá ẹ ò purọ́ rí."

"Ó pé márùn-ún níbí."

"Ṣé èmi ni mo kì í? Ẹ̀yin ọmọ Computer Village lẹ mọ̀ ọ́n kà."

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín. Àkànjí tú gbogbo rẹ̀ jáde, ó dín ẹ̀tù kù, ó tún un kì, títí ọ̀pá fi wá sí ìka mẹ́rin géérégé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó yìn ín.

Dípò gbàù, ìbọn ní "pùú", bí àgbà tó wúkọ́ níbi àdúrà. Ọta bọ́ síwájú òkìtì ìwo, ó yí gbiri. Adìyẹ kan sáré wá, ó rò pé àgbàdo ni, ó ṣà á, ó tú u dànù, ó sì wo Àkànjí tẹ̀gàn-tẹ̀gàn.

"Ọmọ Bàbá Ọdẹ," ọ̀kan nínú wọn ké, "pe ọta lórí fóònù kó padà wá!"

Adégbénró ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìbọn jẹ́jẹ́, bí ẹni gba ọmọ ọwọ́. Ó bu ẹ̀tù kún ìwo àgbò náà, ó kì í, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá. Ìgbà yẹn ni Àkànjí ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ náà. Ìka kọ̀ọ̀kan wú bí ewùrà, bíi ti bàbá rẹ̀ gan-an. Ibi tí ìka márùn-ún ti Àkànjí dé lẹ́ẹ̀kan ni mẹ́rin yẹn bò.

"Ẹ mọ̀," ni Àkànjí wí. "Ẹ mọ̀, sà."

"Ìka mẹ́rin ni mo wí. O ò bi mí pé ìka ta ni."

Gbàù! Kẹ́ẹ̀gì fò lọ.

Ẹsẹ̀ ni Àkànjí fi rìn délé. Tinúadé ìyàwó rẹ̀ bi í pé ìbọn dà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú, ó ń wò wọ́n. Ó bínú sí Adégbénró, ṣùgbọ́n òkú ló bínú sí jù. Ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ òun rọ̀, ṣé kò mọ̀ pé ìka rẹ̀ tín-ínrín ni?

Eyín mi ti ń mì, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: kò sí adìyẹ níbẹ̀, èmi ni mo fi í kún un. Ìyókù ni ǹ bá fẹ́ kó jẹ́ irọ́.